Kí Agogo Ìkọ̀yà Tó Dákẹ́

Ọjọ́ Ajé, 14 Ọ́gọ́sì 1967

Wọ́n ti dé o. Ọkọ̀ ṣójà mẹ́rin ló wọ Ìkọ̀yà láàárọ̀ yìí, ilé ẹ̀kọ́ mi ni wọ́n sì yà sí. Orí tábìlì tí mo fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ ni ọ̀kan nínú wọn jókòó lé, ó ń fá irùngbọ̀n. N kò sọ̀rọ̀. Ta ni yóò sọ̀rọ̀? Wọ́n ní àwọn ará Bìáfírà ti gba Bìní, wọ́n sì ti fẹ́ dé Orè. Ta ni kò mọ ọ̀nà tó ti Orè wá síbí?

Sájẹ́ǹtì kan ní kí n jẹ́ kí òun rí aago ọwọ́ mi. Mo nà án sí i. Ó so ó mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun." Bí aago ṣe lọ nìyẹn! Kí oòrùn tó wọ̀, kò sí aago ọwọ́ kan tó hàn síta mọ́ ní Ìkọ̀yà. Gbogbo ẹni tó ní ti gbẹ́lẹ̀ rì í mọ́lẹ̀. Dora ìyàwó mi ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, pé mò ń rìn kiri bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ọjọ́rú, 16

Ọ̀gá wọn, Kápútẹ́ẹ̀nì kan tí n kò rò pé ó tó ọgbọ̀n ọdún, pe gbogbo ìlú jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká, ti apá Ìbàdàn, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ohùn tútù yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá ń pariwo, èèyàn á mọ ibi tí inú rẹ̀ dé.

Ó ní kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀, aago méje ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò sì máa kéde rẹ̀. "Bí agogo bá ti dákẹ́, ẹnikẹ́ni tí a bá rí níta, ọ̀tá la ó kà á sí." Ó ní kí gbogbo rédíò ìlú di kíkó wá, kí a má baà máa gbọ́ irọ́ àwọn ọ̀tá. Ó wá béèrè ibi tí aago tó ṣeé gbára lé wà. Gbogbo ojú yí sí mi. Èmi ni akọ̀wé ìjọ, lọ́wọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá tí aago oníná wà, èyí tí àwọn ọmọ Ìkọ̀yà tó wà l'Ékòó fi ta ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rẹ ní Kérésìmesì tó kọjá. Ọjọ́ tí ó dé gan-an ni a ti ju aago àtijọ́ tí à ń fi kọ́kọ́rọ́ yí sẹ́yìn ilé, àwọn ewúrẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ fọ́. Báyìí ni mo di alágogo àwọn ṣójà.

Oyèkànmí, ọkọ Lucy ọmọ mi, ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnì ilé ìfúnpo tó ń fún ṣọ́ọ̀ṣì ní iná. Kápútẹ́ẹ̀nì ní kí ẹ́ńjìnì náà máa ṣiṣẹ́ láti aago méjìlá ọ̀sán títí agogo ìrọ̀lẹ́ yóò fi lù, kí wọ́n lè máa fi iná sí bátìrì ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ wọn. Lẹ́yìn agogo, òkùnkùn ni, nítorí ọkọ̀ òfuurufú. "Bí ẹ́ńjìnì yìí bá kú lọ́jọ́ kan péré, ọwọ́ rẹ ni n óò ti béèrè." Oyèkànmí dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ní dísù tí ẹ́ńjìnì ń mu.

Ọjọ́bọ̀, 17

Mo lu agogo àkọ́kọ́. Báyìí ni mo ṣe ń ṣe é: bí ẹ́ńjìnì bá dún lọ́sàn-án, iná á dé, aago á sì jí. Àwọn ṣójà á yí rédíò tiwọn sókè láti gbọ́ ìròyìn méjìlá, mo máa ń gbọ́ ọ láti òdìkejì ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti ń mú abẹ́rẹ́ aago bá àkókò mu. Kò lè tọ̀nà jù báyìí lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 20

Òjò láti òwúrọ̀. Bí àlùfáà ti ń wàásù ni a gbọ́ ìbọn ńlá láti ọ̀nà Orè, gbùù, gbùù, àwọn ọmọdé rò pé àrá ni. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé fún wọn.

Mo fa okùn agogo ìsìn títí Màmá Aníwúrà fi gun àtẹ̀gùn tán, bí mo ti máa ń ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá mọ́. Àṣà ìjọ wa ni, ẹni tó bá ti wọlé kí agogo tó dákẹ́, kò pẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 24

Iyọ̀ ife kan ti di ṣílè kan. Kò sí kẹrosíìnì. Mọ́tò kankan kò lè kọjá l'Órè mọ́. Iná ṣọ́ọ̀ṣì pọ́n bí ojú ẹni tó fi ẹmu sùn. Ta ni iná ń ká lára nísinsìnyí?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26

Wọ́n na Àlàmú adẹ́mu. Kòbókò ni wọ́n fi bó ẹ̀yìn rẹ̀. Sájẹ́ǹtì tó gba aago mi ló mú un ní ìdènà ojú ọ̀nà, ó ní ó ti ré kọjá aago méje. Àlàmú ń bú sẹ́kún pé òun kò tíì gbọ́ agogo, pé agogo kò tíì dún. Òótọ́ ni, kò tíì dún. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti nà án tán ni mo lù ú, nítorí ìgbà yẹn ni aago ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ lu méje.

Sájẹ́ǹtì dé bá mi lẹ́nu ilé agogo. Ó na ọwọ́ síwájú mi, ó ń fi aago tèmi gan-an hàn mí! "Tíṣà, agogo rẹ pẹ́." Mo ní rédíò yín ni mo fi tò ó. Ó wo ojú mi títí, ó sì yí ẹ̀yìn padà. Ìgbà tó lọ tán ni mo rí i pé mo ti di okùn agogo mú bí ẹni tó fẹ́ rì sómi.

Ọjọ́ Ajé, 28

Mo dúró ti aago lọ́sàn-án. Rédíò ní méjìlá, mo tò ó sí méjìlá. Níbo ni àṣìṣe wà níbẹ̀? Lálẹ́, bí iná bá kú, aago á kú pẹ̀lú rẹ̀; ọ̀sán ọjọ́ kejì ni n óò tún un tò. Nítorí náà kò sí ọjọ́ kan tí mo rí i kó ṣì ìrìn. Àbí ojú mi ni?

Dora ní kí n máa jẹun. Mo ní oúnjẹ kọ́ ló ń pa mí.

Ọjọ́bọ̀, 31

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí n kò mọ ohun tí n óò pè é. Ìyàwó Àlàmú gbé iṣu mẹ́ta wá, ó kúnlẹ̀, ó ní "Tíṣà, Ọlọ́run á san án fún yín." Mo ní kí ni mo ṣe? Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣẹ́jú sí mi, ó lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé láti ilé kan, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ dé láti òmíràn, púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe dé. Gbogbo wọn ló ń ṣẹ́jú.

Dora ló là mí lójú. Ó ní gbogbo ìlú ti mọ̀ pé mo ń dá agogo dúró kí àwọn tó wà lóko ọ̀nà jíjìn lè wọlé. Àwọn ṣójà tó kù kò ní aago, agogo ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ tí Sájẹ́ǹtì wà lójú ọ̀nà, ẹni tó pẹ́ á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ní, "Dora, n kò dá agogo kankan dúró!" Ó ní, "Ẹ má sọ ọ́ sókè." Obìnrin yìí ń rẹ́rìn-ín o! "Èmi mọ̀ pé èmi lẹ ń dúró dè. Mo ti sọ fún wọn lọ́jà pé ọkọ mi kò ní í lù ú bí mo bá wà lọ́nà Iyansan." Òtítọ́ ni pé òun ló ń lọ gbé epo ní Iyansan, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀. Ṣùgbọ́n n kò dúró dè é. Ojo bíi tèmi?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Wọ́n mú ọkùnrin kan lábúlé kan nítòsí nítorí pé ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú igbó. Ó ní ìgbín lòun ń ṣà. Wọ́n gbé e lọ sí Orè. Kò sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀. Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni.

Kápútẹ́ẹ̀nì pàdé mi lójú ọ̀nà. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tíṣà, bí agogo bá tún pẹ́, n óò rán ọ lọ sí Orè kí o lọ máa lù ú fún wọn níbẹ̀." Ohùn tútù yẹn náà ni. Ṣáláńgá ni mo fi ṣe ilé láti ọ̀sán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5

Mo ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àná, ẹ̀rù kò jẹ́ kí n dúró de aago mọ́. Mo fi ojú wo ọ̀run, ìkùukùu bo gbogbo rẹ̀, mo ní ó ti tó, mo lu agogo. Kò tó rárá. Ojúmọ́ ṣì mọ́ kedere. Àwọn ṣójà gbọ́ agogo, wọ́n sì ṣe ohun tí wọ́n pa láṣẹ fún wọn: wọ́n ya lọ sí odò, wọ́n na àwọn obìnrin tó ń fọṣọ. Helen, aya olórí akọrin wa, ọwọ́ rẹ̀ kan ṣẹ́.

Kápútẹ́ẹ̀nì ránṣẹ́ pè mí. "Lọ́jọ́ kan o pẹ́. Lọ́jọ́ kejì o yá. Àmì kí lò ń fi agogo fún, Tíṣà? Ta lò ń fún?" Ó ní kí n máa lọ. Mo dé ọ̀dọ̀ Helen láti bẹ̀ ẹ́, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ó jàre.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo ti mọ̀ ọ́n. Ìbá sàn kí n má mọ̀ ọ́n.

Mo gbé àga síwájú aago láti ìgbà tí mo ti tò ó tán lọ́sàn-án, mo ní òní n kò ní í gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń dún tìkọ̀tìkọ̀ lọ́hùn-ún, gílóòbù pọ́n, abẹ́rẹ́ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń yí ká ń wọ́ bí arúgbó tó ń gun òkè. Lójijì ẹ́ńjìnì gbé ohùn sókè. Iná funfun báláú, abẹ́rẹ́ pupa sì sáré! Kò pẹ́, ẹ́ńjìnì tún rọlẹ̀, iná tún pọ́n, abẹ́rẹ́ tún ń wọ́. Mo dìde. Mo jókòó. Mo tún dìde, mo gba ilé ìfúnpo lọ.

Oyèkànmí dọ̀bálẹ̀. Mo ní kó dìde, kó sọ ohun tó ń fi ẹ́ńjìnì ṣe fún mi. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú.

"Bàbá, mo dín in kù ni. Láti ìgbà tí ọkọ̀ dísù kò ti wá mọ́ ni mo ti ń dín in kù díẹ̀díẹ̀, kí èyí tó wà nílẹ̀ lè pẹ́; bó bá ti fẹ́ kú, mo máa ń gbé e sókè fún ìgbà díẹ̀. Bó bá tán, tí ẹ́ńjìnì kú, ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí Kápútẹ́ẹ̀nì sọ."

"Kí ló kan aago mi níbẹ̀?"

"Aago yẹn kò ní ọkàn tirẹ̀, Bàbá. Kò ní okùn irin tí à ń yí. Bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí ni iná ń lù, bí iná ṣe ń lù ni aago ń gbésẹ̀. Ẹ́ńjìnì yára, aago á yára. Ẹ́ńjìnì rọra, aago á rọra. N kò rántí aago rárá. Orí dísù ni ọkàn mi wà."

Láti ọ̀sán tí mo bá ti tò ó títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń falẹ̀, lójoojúmọ́, níwájú mi báyìí. Lucy jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, oṣù oyún rẹ̀ ti pé, ó ń fi ẹsẹ̀ tó wú sínú omi gbígbóná. Ó ní, "Bàbá, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí. Bí mo bá sọ òótọ́ fún Kápútẹ́ẹ̀nì, ẹni tó dín ẹ́ńjìnì wọn kù lásìkò ogun ni ọkọ rẹ̀, Orè ló ń lọ. Bí n kò bá sọ ọ́, èmi ni mò ń lọ. Bí Oyèkànmí bá sì gbé e sókè bó ṣe yẹ, dísù á tán láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọn yóò padà sí. Ọlọ́run Ìkálẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí.

Ọjọ́ Àìkú, 10

Ìjọ kò pé. Helen kò wá. Láti ọjọ́bọ̀ ni mo ti ń fi òye kún iye tí aago fi ń falẹ̀, n kò jẹ́ kí agogo yá jù mọ́. Mo ń jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀bùn ṣì ń wọlé. Mo dá ọ̀kan padà, wọ́n tún gbé e wá pẹ̀lú àdìpọ̀ ewé kókò.

Ọjọ́rú, 13

Dora lọ sí Iyansan láàárọ̀. Ìbá wà nílé, bóyá ìbá ti bo Màmá Aníwúrà lẹ́nu.

Sájẹ́ǹtì yà ní ilé mi lọ́sàn-án láti bu omi mu. Ó ṣì ń mumi lọ́wọ́ tí Màmá fi wọlé, iṣu kan lórí, ọ̀pá lọ́wọ́. Etí rẹ̀ ti di, ariwo ló fi ń sọ̀rọ̀. "Tíṣà, ọma mi! Mo wá dúpẹ́ agogo. Bí kì í bá ṣe pé o ń dá a dúró dè wá ni, wọn ì bá ti nà mí pa ná!" Mo ń mi orí sí i, mo ń ṣẹ́ ojú, mo ń yí ẹnu. Màmá rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ó tún un wí, sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ. Sájẹ́ǹtì rọra gbé ife kalẹ̀.

Kápútẹ́ẹ̀nì fúnra rẹ̀ wá sí ilé mi. Ó rìn yí iṣu ká, ó gbé ẹran gbígbẹ kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. "Tíṣà, ṣé ọjà lò ń tà ni?" Mo ní wọ́n kàn ń fún mi ni. Ó ní, "Mo mọ̀. Mo sì ti mọ ìdí rẹ̀." Ó wá ní lọ́jọ́ Ẹtì òun yóò wá jókòó tì mí láti ọ̀sán, òun àti aago ọwọ́ òun. Bí aago ṣọ́ọ̀ṣì bá bá tòun mu títí dé aago méje, ó parí. Bí kò bá bá a mu, mo mọ ọ̀nà Orè.

Ọjọ́bọ̀, 14

Oyèkànmí gbà. Ó ní òun yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnì rìn ìrìn rẹ̀ gan-an lọ́la, lọ́jọ́ kan yẹn nìkan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú àgbá, òun yóò fi ṣe ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́. Ojú rẹ̀ ti wọnú. A kò wo ara wa lójú.

Mo ń kiri ilé dé ilé láti kìlọ̀ pé agogo ọ̀la kò ní í pẹ́, kí oníkálukú tètè kúrò lóko. Mo bá Àlàmú tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Ó ṣẹ́jú sí mi. "A ti gbọ́, Tíṣà. Kí etí ṣójà lè gbọ́ ọ ni, àbí?" Mo ní mo fi Ọlọ́run búra, òtítọ́ ni. Ó ní, "Ẹ búra dáadáa," ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ibi tí mo dé, ẹ̀rín kan náà ni. Wọ́n fẹ́ràn mi débi pé wọn kò gbà mí gbọ́. Dora kò tilẹ̀ sí nílé láti gbọ́ ọ. Ọ̀la ni yóò ti Iyansan dé, ìrọ̀lẹ́ ni ó sì máa ń wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Òwúrọ̀. Mo wọ aṣọ funfun. Bí wọ́n bá gbé mi lọ, kí wọ́n gbé mi lọ bí èèyàn. Bí ẹlòmíì bá ń ka èyí, kí Dora gba àga mi àti ìwé orin mi. Kí ẹnikẹ́ni má bi Oyèkànmí ní ohunkóhun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Mo ṣì wà. Ọwọ́ mi kò fẹ́ di kálàmù mú, ṣùgbọ́n n óò kọ ọ́.

Kápútẹ́ẹ̀nì dé kí rédíò tó sọ̀rọ̀. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi. Ẹ́ńjìnì dún, iná dé, funfun bíi ti ìgbà Kérésìmesì. Mo to aago. A jókòó. Òjò rọ̀, òjò dá. Ó ń ka Bíbélì ìjọ, ó ń ṣí i láti ibì kan sí ibòmíràn, ó sì ń wo ògiri. Èmi kò wo nǹkan mìíràn ju abẹ́rẹ́ pupa yẹn lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá wúkọ́ pẹ́nrẹ́n, àyà mi á já. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò wọ́. Aago ara ògiri àti aago orí tábìlì ń rìn pọ̀ bí ìbejì. Nígbà tó ku díẹ̀ kí agogo lù, Kápútẹ́ẹ̀nì wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ó bá a mu." Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. Mo fẹ́ sunkún.

Mo jáde sídìí okùn agogo. Láti ibẹ̀ mo ń rí ojú ọ̀nà oko títí dé ìdènà àwọn ṣójà. Sájẹ́ǹtì dúró síbẹ̀, òun àti aago mi. Ojú ọ̀nà ṣófo. Kò sí alágbọ̀n kan, kò sí adẹ́mu kan, kò sí ọmọ ẹnì kankan.

Olúwa mi! Wọ́n ṣì wà lóko. Wọ́n ń bọ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n gbọ́kàn lé agogo mi tó máa ń pẹ́.

"Ó ti tó, Tíṣà," Kápútẹ́ẹ̀nì wí láti ẹnu ọ̀nà. "Lù ú."

Mo fà á. Kí ni n óò ṣe? Bí agogo ti dún ni mo rí orí wọn tó yọ ní kọ́nà, ẹnì kan, ẹni méjì, lẹ́yìn náà wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ. Wọ́n gbé ẹrù sórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọ̀nà ṣì jìn. Sájẹ́ǹtì gbé ìbọn kúrò ní èjìká. Iye ìgbà tí mo máa ń fa okùn pé. N kò fi okùn sílẹ̀. Mo tún un fà.

"Tíṣà, ó tó."

"Ọ̀gá, kò tíì tó."

"Kí lo wí?"

N kò mọ ibi tí ohùn yẹn ti wá. Èmi tí wọ́n fá irùngbọ̀n lórí tábìlì mi tí n kò sọ̀rọ̀! Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ níwájú gbogbo ìlú, ẹ ní bí agogo bá ti dákẹ́. Kò tíì dákẹ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ẹni tó bá wọlé kí agogo tó dákẹ́, kò pẹ́. Wọn kò tíì pẹ́, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, wọn kò tíì pẹ́." Ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìbàdí níbi tí ìbọn kékeré wà. Mo rí i. Mo ń fà á lọ. Omi ń bọ́ lójú mi, n kò lè nù ún, ọwọ́ kò sí.

Kápútẹ́ẹ̀nì wá síta, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ojú ọ̀nà. Sájẹ́ǹtì na ọwọ́ tí aago wà sókè, ó ń tọ́ka sí i, ó ń wo ọ̀gá rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán. Kápútẹ́ẹ̀nì mi orí: rárá. Àlàmú kọjá, ẹmu ń dànù lára rẹ̀, kò ṣẹ́jú sí ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn obìnrin kọjá. Apá mi ń ya, àtẹ́lẹwọ́ mi bó, okùn ń pọ́n. Màmá Aníwúrà nìkan ni kò sáré. Ó ń fi ọ̀pá rìn bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ sí ìsìn, agogo á sáà dúró dè é. Ó kọjá. Ọ̀nà tún ṣófo. N kò dáwọ́ dúró.

"Ta ló kù?" Kápútẹ́ẹ̀nì béèrè.

"Ìyàwó mi."

Ilẹ̀ ń ṣú. N kò mọ apá mi mọ́, ara mi gbogbo ni mo fi ń so mọ́ okùn, ó ń gbé mi sókè, ó ń gbé mi sílẹ̀. Nígbà tí mo rí agolo epo tó yọ ní kọ́nà, tí mo rí Dora lábẹ́ rẹ̀ tó ń fi eré bọ̀, tí aṣọ rẹ̀ ti fẹ́ já sílẹ̀, ohùn kan jáde lẹ́nu mi tí kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ó ré ìdènà kọjá. Mo fi okùn sílẹ̀. Agogo dákẹ́.

Kápútẹ́ẹ̀nì padà wọlé lọ mú aago rẹ̀. Ó dúró lábẹ́ gílóòbù tó funfun yẹn, ó gbójú sókè wò ó pẹ́. "Iná dára lónìí," ó ní. "Dísù mélòó ló kù lọ́wọ́ ọkọ ọmọ rẹ?"

Mo nu ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ mi mọ́ aṣọ funfun mi.

"Òwúrọ̀ ni wọn yóò yí àgbá méjì lọ fún un. Kó máa jẹ́ kó rìn báyìí." Ó dé fìlà rẹ̀. "Ti òní, òní nìkan ni o, Tíṣà." Òótọ́ ni, àgbá méjì náà ti dé láàárọ̀ yìí. Oyèkànmí jókòó lé ọ̀kan, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

N kò mọ bí mo ṣe délé. Dora ti sọ epo kalẹ̀ láàárín ilé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, inú rẹ̀ ń ru. Kò jẹ́ kí n wọlé tán.

"Bàbá Lucy, kí ló dé tí ẹ fi yára lù ú lónìí? Ṣé ẹ ò dúró dè mí mọ́ ni?"

Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ mi, ó kúnlẹ̀ sídìí agolo, ó bu epo Iyansan sí ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa mí lọ́wọ́.